Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí ó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí Wo Ẹyẹ

Ní ọdọọdún, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, àwọn lékeléke a máa padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Bí àwọn ọmọdé bá rí wọn tí wọ́n ń fò kọjá lókè, wọn a na ọwọ́ sí wọn, wọn a sì máa kọrin pé kí wọ́n fún àwọn ní èékánná funfun. Bóyá ni àgbàlagbà kan wà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àgbàlagbà yìí léèrè pé ọjọ́ wo ni lékeléke kọ́kọ́ dé sí àdúgbò rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, tàbí ọjọ́ wo ni èyí tí ó kẹ́yìn lọ, agbára káká ni yóò fi rí èsì fọ̀. Ẹyẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí ó kọ wíwá àti lílọ rẹ̀ sílẹ̀.

Wíwo ẹyẹ gẹ́gẹ́ bí ohun ìgbádùn kò ju kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè báyìí lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọdẹ, nítorí pé a kì í mú ẹyẹ kankan wálé níbẹ̀. Kì í sì í ṣe àṣà òyìnbó nìkan, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti rò. Àwọn baba ńlá Yorùbá wo ẹyẹ, wọ́n sì wò ó fínnífínní. Ẹni tí kò fi etí sílẹ̀ kò lè so ohùn ẹlúlùú mọ́ òjò, ẹni tí kò sì wo ìyẹ́ dáadáa kò lè fi aró júwe agbe, kí ó sì fi osùn júwe àlùkò. Kíkọ sílẹ̀ ni ó kù.

Irú ẹyẹ tí a ti rí ní Nàìjíríà ju 900 lọ. Kí iye yìí má ṣe dẹ́rù ba ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀. Bí ogún tàbí ọgbọ̀n péré nínú wọn ni yóò máa bá pàdé ní àyíká ilé rẹ̀, ó sì ti mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn láti kékeré: àdàbà, ẹ̀gà, àwòdì, kánnákánná, alápàńdẹ̀dẹ̀, òwìwí, àkókó, àparò.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ibì kan ṣoṣo tí ó súnmọ́ ọn. Ẹ̀yìnkùlé dára, pápá ilé ìwé dára, ọ̀nà odò dára. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n rò pé igbó kìjikìji ni a ti ń wo ẹyẹ. Nínú igbó, orí igi tí ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ ni ẹyẹ wà, ewé sì bò wọ́n. Ohùn ni ènìyàn yóò máa gbọ́, kò ní rí nǹkan kan. Ìdí mìíràn tún wà tí ó ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá ń wo ibì kan náà léraléra ni ó lè mọ̀ nígbà tí ohun kan bá yí padà níbẹ̀. Ẹni tí ó lọ sí ibi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò rí ẹyẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ èyí tí ó dín àti èyí tí ó pọ̀ sí i.

Ààbọ̀ wákàtí ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ó dára jù lọ, nítorí pé ebi òru ń pa àwọn ẹyẹ, wọ́n sì ń jẹ̀ káàkiri. Bí oòrùn bá mú, wọn a forí pamọ́ sí ibòji, wọn kì í sì í jáde dáadáa mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, nítorí pé bí oòrùn bá wà níwájú rẹ̀, gbogbo ẹyẹ ni yóò dúdú lójú rẹ̀. Kí ó má ṣe wọ aṣọ funfun tàbí aṣọ tí ń kọ mànà. Kí ó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó retí ohunkóhun. Àwọn ẹyẹ ti rí i kí ó tó rí wọn, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí ó bá wá.

Ẹ̀gà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́

Kò sí ẹyẹ tí ó dára tó ẹ̀gà fún ẹni tí ń kọ́ ojú rẹ̀ ní ìwòran. Kì í sá fún ènìyàn, ó ń pariwo, inú ìlú gan-an ni ó sì ń gbé. Igi kan lè gba ìtẹ́ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ènìyàn lè gbé àga sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó sì máa wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Akọ ẹ̀gà ní àsìkò ìtẹ́ kò ṣòro láti mọ̀: ara rẹ̀ rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, orí rẹ̀ dúdú, ẹyinjú rẹ̀ sì pupa. Abo kò dán bẹ́ẹ̀. Akọ ni ń hun ilé. Yóò fi ẹnu ge etí ewé ọ̀pẹ tàbí ti àgbọn, yóò dì í mú, yóò sì fò lọ. Bí ó ti ń fò ni ewé náà ń ya tẹ̀ lé e bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Òrùka ni yóò kọ́kọ́ hun, yóò sì dúró sí àárín rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti hun yàrá sí apá kan, yóò sì yọ ẹnu ọ̀nà sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, yóò so rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà náà, orí nísàlẹ̀, yóò máa ju apá, yóò sì máa kọrin kí abo lè wá wo iṣẹ́ rẹ̀.

Abo tí ó bá wá kò ní kánjú. Yóò wọ inú ilé náà, yóò fi ẹnu fa okùn rẹ̀ wò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó ohun rírọ̀ wá láti tẹ́ inú rẹ̀. Bí abo kankan kò bá sì fẹ́ ilé náà títí tí ewé rẹ̀ fi gbẹ tí ó sì pọ́n, akọ náà yóò tú u palẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka ìtẹ́ tútù àti ìtẹ́ gbígbẹ lórí igi kan ní gbogbo ọjọ́ Àìkú fún oṣù méjì ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó ní láárí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni ó jókòó sí.

Inú ẹyin ẹ̀gà pàápàá ni ọgbọ́n wà. Ẹyẹ kékeré kan tí ìyẹ́ rẹ̀ tutù bí ewé a máa yọ́ wọ inú ìtẹ́ wọn láti yé ẹyin tirẹ̀ sí i, kí abo ẹ̀gà lè bá a tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹyin abo ẹ̀gà kan kì í jọ ti èkejì: ti ọ̀kan lè funfun, ti òmíràn lè dà bí àwọ̀ ojú ọ̀run, ti òmíràn a sì ní àmì tóótòòtó. Abo kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀, bí ó bá sì rí àjèjì, yóò jù ú síta. Àgbẹ̀ tí ẹ̀gà bo àgbàdo tàbí ìrẹsì rẹ̀ lè má rí ohun ìyanu kankan nínú èyí, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí.

Ohun tí ojú ní láti mú

Bí ẹyẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ bá bà, àwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ wò, àwọ̀ sì ni ó ń tan ni jẹ jù lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń yí i padà. Títóbi rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó sì fi wé ẹyẹ tí ó ti mọ̀: ṣé ó tó ológoṣẹ́ ni, tàbí àdàbà, tàbí kánnákánná? Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀. Ẹnu kúkúrú tí ó nípọn jẹ́ ti ẹyẹ tí ń fọ́ èso wẹ́wẹ́ jẹ. Ẹnu tí ó tẹ̀ kọdọrọ jẹ́ ti ẹyẹ tí ń fa ẹran ya. Ẹnu gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ díẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ tí ń fa omi dídùn inú òdòdó. Kí ó wo gígùn ìrù, kí ó wo bí ó ti ń rìn, bóyá ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ni tàbí ó ń tọ. Nígbà náà ni kí ó tó wo àwọ̀.

Àdàbà yóò fi hàn án pé wíwo yàtọ̀ sí rírí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹyẹ méjì ó kéré tán ni a ń pè ní orúkọ yìí. Ọ̀kan tóbi, ó ní àmì dúdú bí àgbékọ́rùn ní ẹ̀yìn ọrùn, àyíká ojú rẹ̀ sì pupa. Èkejì kéré, kò ní àmì ẹ̀yìn ọrùn rárá, ṣùgbọ́n àmì tóótòòtó dúdú wà ní iwájú ọrùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti gbé ààrin wọn fún ogójì ọdún lè máà mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ọjọ́ tí ó bá ti mọ̀, kò tún ní lè wò wọ́n bí ẹyẹ kan mọ́.

Etí náà níṣẹ́ tirẹ̀. Ẹlúlùú fẹ́ràn láti fara pamọ́ sínú igbó ṣúúrú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní kùdù-kùdù bí ẹni pé omi ń tú jáde láti inú akèrègbè. Bí ènìyàn bá fi sùúrù tẹ̀ lé ohùn náà, yóò rí ẹyẹ tí orí àti ìrù rẹ̀ dúdú, tí apá rẹ̀ pọ́n bí amọ̀ sísun, tí ẹyinjú rẹ̀ sì pupa.

Ìwé kékeré àti pẹ́ńsù

Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Pẹ́ńsù sàn ju kálámù lọ nítorí pé ìrì àti òógùn kì í pa á rẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó wà, bí ojú ọjọ́ ti rí, irú ẹyẹ, iye wọn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò nílò kí ó gùn. Àpẹẹrẹ kan nìyí: *Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, aago méje òwúrọ̀, ẹ̀yìn pápá ilé ìwé, ojú ọjọ́ mọ́. Lékeléke 11, wọ́n tẹ̀ lé màlúù. Àwòdì 2. Ẹ̀gà ju 40 lọ. Ẹyẹ kan tí a kò mọ̀: ó tó ológoṣẹ́, àyà rẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ó ń rìn nílẹ̀, ó ń mi ìrù sókè sódò.*

Ẹyẹ tí a kò mọ̀ yìí lè jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ Yúróòpù. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin ni irú rẹ̀ ń wà lórí pápá wa. Nígbà tí òtútù bá bo ilẹ̀ wọn tí kòkòrò sì tán, wọn a fò kọjá lórí Òkun Àárín àti aṣálẹ̀ Sàhárà láti wá jẹun níhìn-ín. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ kan náà ń bá wọn wá. Àwọn ti ilẹ̀ wa ń mọ ìtẹ́ sí abẹ́ òrùlé. Àwọn àlejò wọ̀nyí kì í mọ ìtẹ́ níhìn-ín rárá. Òrùka wẹ́wẹ́ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ fi sí ẹsẹ̀ ẹyẹ ní orílẹ̀-èdè kan tí a sì tún rí ní òmíràn, ni ó jẹ́ kí ọ̀nà ìrìn wọn yé aráyé.

Lékeléke kò ti òkèèrè tó bẹ́ẹ̀ wá. Ìhà àríwá ni ó ń lọ ní àsìkò òjò láti pamọ, ó sì ń padà sí gúúsù ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ rò pé eégbọn ara màlúù ni ó ń tẹ̀ lé. Tata tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé dìde láti inú koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Àwòdì pẹ̀lú ń bá ẹ̀ẹ̀rùn wá, a sì máa ń rí i ní ibi tí a bá ti ń sun igbó, tí ó ń fi ẹsẹ̀ gbé tata jẹ lójú òfuurufú.

Bí ìwé kò bá lè sọ orúkọ ẹyẹ kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà. Bí ó bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀, tí ó sì wí pé, “Bàbá ọdẹ, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ń pe ẹyẹ tí ń ké báyìí?” ó lè gba orúkọ náà, kí ó sì gba ìtàn mẹ́ta kún un. Kí ó kọ orúkọ náà àti ìlú tí ó ti gbọ́ ọ, nítorí pé ohun tí àwọn Ìjẹ̀bú ń pe ẹyẹ kan lè yàtọ̀ sí ohun tí àwọn Èkìtì ń pè é. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ń bá àwọn tí ó mọ̀ wọ́n lọ sí ọ̀run.

Ohun èlò

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní báínókúlà, ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tí àkókò bá tó láti rà á, èyí tí a kọ 8×42 sí lára dára. 8 ni iye ìgbà tí ó ń mú ohun tóbi sí i. 42 ni ìbú dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Èyí tí agbára rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ́ lára. Nínú àwọn ìwé, èyí tí Nik Borrow àti Ron Demey ṣe ní ọdún 2001 lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní àwòrán tí ó péye, ṣùgbọ́n ó wọ́n. J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, ṣe ìwé kékeré kan ní ọdún 1960 lórí àwọn ẹyẹ inú ìlú àti ọgbà. Ẹni tí ó bá rí i lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀.

Elgood yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ júwe ẹyẹ kan fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1958, tí ó sì sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis, ìyẹn ni pé ó fi orúkọ Ìbàdàn sí i. Ìbátan ẹ̀gà ni. Dúdú ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa. Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn tí a ń bẹ̀rù pé wọ́n lè run. Igbó tí ó wà nínú ọgbà àjọ IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún un. Àwọn ará Èkó tí ó bá fẹ́ wo ẹyẹ igbó láìjìnnà sílé ní ọgbà àwọn Nigerian Conservation Foundation ní Lẹ́kí, tí ó ti wà láti ọdún 1990. Afárá kan wà níbẹ̀ lókè àwọn igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, èyí tí ó ń gbé ojú ènìyàn dé ibi tí àwọn ẹyẹ orí igi ń gbé.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti kún kò ní láti fi í pamọ́ sínú àpótí. Láti ọdún 2015 ni a ti ń kó ìròhìn àwọn ẹyẹ Nàìjíríà jọ sórí àwòrán ilẹ̀ kan. Ilé ìwádìí nípa ẹyẹ tí ń jẹ́ A. P. Leventis ní Jos wà nídìí iṣẹ́ náà. A pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9. Ẹni tí ó bá fi wákàtí méjì ó kéré tán wo ẹyẹ nínú ọ̀kan nínú wọn lè fi orúkọ àwọn tí ó rí ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ ilé ìwé mẹ́wàá tí ó ń fi ara balẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí fún àgbègbè rẹ̀.

Ìwà tí ó tọ́

Rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ kò gbọdọ̀ bá wọn lọ sí ibi ìwòran. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ìtẹ́ tàbí ẹyin, kí ó má sì ṣe máa fi fóònù dún ohùn ẹyẹ léraléra láti fi tàn án wá, nítorí pé ẹyẹ tí ó ní ọmọ yóò rò pé ọ̀tá ti wọ ilé rẹ̀. Bí ènìyàn bá rí ibi tí odídẹrẹ́ pamọ sí, kí ó pa á mọ́ sínú. Ìwó ń fi ẹyẹ yìí yangàn nínú oríkì, síbẹ̀ àwọn tí ń kó ọmọ rẹ̀ láti inú ihò igi lọ tà ti jẹ́ kí ó ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2016, ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wáyé ní Johannesburg, a fi í sí ara àwọn tí a kò gbọdọ̀ mú láti inú igbó kí a sì fi ṣe òwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ti igún burú ju èyí lọ. Àwọn tí ó ti dàgbà rántí ìgbà tí ó ń bà sórí òrùlé ní gbogbo ibi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń ṣọ́ àwọn ohun alààyè fi irú igún yìí sí ipò tí ó súnmọ́ ìparun jù lọ. A ń pa á fún oògùn, ó ń jẹ májèlé tí a fi sára òkú ẹran, a sì ń gé àwọn igi ńlá tí ó ń mọ ìtẹ́ sí. Ní Guinea-Bissau, ní ọdún 2020, èyí tí ó ju 2,000 lọ ni májèlé pa. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá pé ọdún wo ni igún ìkẹyìn fò kúrò níbẹ̀, a ó rí èsì mẹ́wàá lẹ́nu ènìyàn mẹ́wàá. Ẹni tí ó rí àádọ́ta lórí òrùlé kan ní òwúrọ̀ kan kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé rẹ̀ bá súnmọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ lè yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ó kí àwọn alápatà, kí ó bi àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà léèrè ohun tí wọ́n rántí, kí ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n dá. Lẹ́yìn náà kí ó gbójú sókè sí òrùlé àti sí orí igi fún ìṣẹ́jú ogún. Bí ó bá rí igún, kí ó kọ iye rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀kankan, kí ó má ṣe fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Kí ó kọ ọjọ́, kí ó kọ wákàtí, kí ó sì kọ ọ́ pé: igún, 0.